Ètò Ọjọ́ Kan Lórí Òkè Ìdànrè

Ní oṣù Kọkànlá tó ń bọ̀, èmi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi mélòó kan yóò gun Òkè Ìdànrè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ọjọ́ kan péré ni a ní: òwúrọ̀ ni a ó gòkè, ilẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ṣú bá wa lọ́hùn-ún. Bí mo ti jókòó láti kọ ètò ìrìn náà sílẹ̀ ni mo rí i pé ìtàn ni mo ń kọ, nítorí ọ̀nà tí àwa fẹ́ fi ṣe ìgbafẹ́ yìí, ọ̀nà ilé ni fún àwọn ẹlòmíràn rí.

Orí òkè yìí ni ìlú Ìdànrè wà fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Ìtàn ẹnu wọn sọ pé Ilé-Ifẹ̀ ni àwọn baba ńlá wọn ti wá. Ẹni tó bá fojú rí àpáta wọ̀nyí, pẹ̀lú igbó tó yí wọn ká, kò ní béèrè ìdí tí wọ́n fi tẹ̀dó síbẹ̀: ọ̀tá tó bá fẹ́ gòkè wá jà, àárẹ̀ yóò ti mú un kí ó tó yọ idà. Láàárín àwọn ọdún 1920 sí 1930 ni wọ́n ṣí sọ̀kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀ tí wọ́n wà lónìí. Ogun ti kásẹ̀ nílẹ̀ nígbà náà, ìsàlẹ̀ sì ni ọ̀nà mọ́tò, ọjà àti oko kòkó wà. Ní ọdún 2007, wọ́n fi Òkè Ìdànrè sínú àkọsílẹ̀ àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí àjọ UNESCO kà mọ́ ohun àjogúnbá àgbáyé.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀ sórí orúkọ. Àwọn kan máa ń sọ pé àlejò kan ló rí òkè náà tó figbe ta pé, "Idán rèé!", tí ìyẹn sì di Ìdànrè. Ìtàn náà dùn, ṣùgbọ́n ohùn orí ọ̀rọ̀ méjèèjì kò bára mu, n kò sì lè fi í kọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Èyí tó wù mí jù ni orúkọ àtijọ́, Ufẹ̀ Òkè. Ufẹ̀ yìí náà ni Ifẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ orúkọ tí Yorùbá àjùmọ̀lò ń fi i bẹ̀rẹ̀, u ni ẹ̀ka-èdè apá ibẹ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀ wọn, àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè sì gbà pé u yìí ló dàgbà jù. Àwa tí a ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín pé wọn kò sọ ọ́ dáadáa, àwa gan-an la yí i padà.

Ìdí tí mo fi ń ṣe ètò lójú méjèèjì báyìí ni pé mo ti lọ rí, mo sì bà á jẹ́. Ọdún 2004 ni, mo ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Bàbá kan tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, tí wọ́n bí sórí òkè, ti gbà láti bá mi gòkè, kí ó máa dárúkọ àpáta àti ojúlé kọ̀ọ̀kan fún mi ní ẹ̀ka-èdè wọn. Aago mọ́kànlá ni mo tó dé. Oòrùn ti mú. A gun àtẹ̀gùn dé ibi ìsinmi kẹta, bàbá jókòó, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ilé mi kò sún, ẹsẹ̀ mi ló ti pẹ́. Padà wá ní kùtù." Mo ní mo gbọ́. Nígbà tí n ó fi padà lọ ní ọdún kejì, wọ́n ti sin wọ́n. Kásẹ́ẹ̀tì tí mo gbà lọ́jọ́ náà kò ní ju orúkọ àpáta mẹ́rin lọ.

Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀rùn ni a ó lọ, torí pé òjò ń mú kí àpáta yọ̀. Àtẹ̀gùn náà lé ní 600, ibi ìsinmi márùn-ún ló wà lórí rẹ̀. A kò ní sáré. Kí oníkálukú gbé omi tirẹ̀, kí ó wọ bàtà tó dì mọ́ ẹsẹ̀. Ní òkè, a ó wo ààfin àtijọ́, ilé ẹjọ́, ilé ẹ̀kọ́ àti ojú ẹsẹ̀ Agbóògùn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tẹ ibi tí omi ti ń sun lórí àpáta: ọ̀pọ̀lọ́ kan wà níbẹ̀ tí a kò mọ̀ níbòmíràn láyé, inú omi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀ sì ni ọmọ rẹ̀ ti ń dàgbà. Ó lé ní 40 ọdún tí àwọn onímọ̀ kò fi rí i, kí wọ́n tó tún kàn án ní ọdún 2013.

Ọmọ bàbá náà obìnrin ti gbà láti bá wa lọ. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n bí òun sí, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn orúkọ kan wà tí bàbá àwọn máa ń kà fún àwọn lálẹ́. Aago méjì ọ̀sán ni a ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀. Aago mẹ́fà òwúrọ̀ ni ọkọ̀ yóò gbéra ní Àkúrẹ́. Ẹni tó bá pẹ́, ìrọ̀lẹ́ la ó ríra.