Oúnjẹ Igi: Bí Ó Ṣe Ń Ti Ara Ewé Dé Inú Èso

Ewé ni ilé ìdáná igi. Ó ń fa kábọ́ọ̀nù láti inú afẹ́fẹ́, ó ń pò ó mọ́ omi tí gbòǹgbò fà gòkè, oòrùn sì ni iná rẹ̀; ṣúgà ló ń sè jáde. Ṣúgà yìí ni igi fi ń yọ ẹ̀ka, òun ló fi ń ta gbòǹgbò, òun náà ló sì ń kó sínú èso.

Ní Odògbólú àti káàkiri ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ẹni tó bá mu ẹmu ọ̀pẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti orí igi sọ̀kalẹ̀ láàárọ̀ ti tọ́ ṣúgà náà wò lójú ọ̀nà. Adẹ́mu á fi igbà gun ọ̀pẹ, á gé òdòdó akọ lọ́rùn, á gbé kèrègbè sábẹ́ ojú ọgbẹ́. Oje tó ń kán tó, tó, tó síbẹ̀ kì í ṣe omi lásán. Oúnjẹ tí imọ̀ ọ̀pẹ sè ránṣẹ́ sí òdòdó ni. Ìdí nìyẹn tó fi dùn kó tó kan. Ojoojúmọ́ sì ni adẹ́mu ń bẹ́ ojú ọgbẹ́ náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, nítorí igi a máa dí ibi tó bá ń jò lára rẹ̀.

Nínú ọ̀pẹ, iṣan tó ń gbé oúnjẹ fọ́n ká inú igi. Ti kòkó, obì, ọsàn àti máńgòrò wà nínú èèpo, lápá ibi tó tutù mọ́ ara igi. Ní 1930, Ernst Münch, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ṣàlàyé bí oúnjẹ ṣe ń rìn níbẹ̀: níbi tí ṣúgà bá pọ̀ sí, omi á rọ́ wọlé, á sì máa tì í lọ síbi tí wọ́n ti ń jẹ ẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó ń wá èèpo fún àgbo, kó má bó ìdí igi yíká. Òkè ibi tó bó yóò wú, nítorí oúnjẹ kò rí ọ̀nà sọ̀kalẹ̀ mọ́. Ebi tó ń pa gbòǹgbò nísàlẹ̀ ni yóò pa gbogbo igi.

Ara kòkó ni ọ̀rọ̀ ìpín oúnjẹ ti hàn jù. Ìdí igi àti ẹ̀ka ńlá ló ń so sí, ibi tó jìnnà sí ewé. Ọmọ rẹ̀ máa ń yọ ju èyí tí oúnjẹ lè kárí lọ, hóró rẹ̀ sì gba ìnáwó: nígbà tó bá gbẹ, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ọ̀rá ni, ṣúgà púpọ̀ ni igi sì ń ná kó tó rí ọ̀rá díẹ̀. Èyí tó ti tóbi á fa tirẹ̀. Èyí tí kò ju ìka ọwọ́ lọ á dúró lójú kan, á pọ́n, á dúdú, á sì gbẹ mọ́ ara igi láì já bọ́. Nígbà tí igi bá ń rúwé ló ń burú jù, torí ewé tuntun ń jẹ, kò tíì lè sè. Bí ìdajì ọmọ kòkó bá lọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ohun tuntun. Èyí tó bá pé oṣù 3 ti bọ́ lọ́wọ́ ewu yìí. Ní nǹkan bí oṣù 5 sí 6 ni yóò gbó.

Ó ń dùn mí tí àgbẹ̀ bá ń fín oògùn sí ọmọ kòkó tí ebi pa bẹ́ẹ̀. Àrùn tó ń mú kòkó dúdú a máa bẹ̀rẹ̀ bí àbàwọ́n kan ṣoṣo lára kòkó tútù, á wá máa ràn. Ti ebi, gbogbo ara ọmọ kòkó ló ń kọ́kọ́ pọ́n. Oògùn kò lè bọ́ igi.

Ọ̀pẹ ní ọgbọ́n tirẹ̀. Abíyá imọ̀ kọ̀ọ̀kan ni òdòdó kan ti ń yọ, yálà akọ tàbí abo, abo nìkan ló sì ń di ìdì ẹyìn. Bí wọ́n bá gé imọ̀ rẹ̀ kanlẹ̀ nítorí ìgbálẹ̀, oúnjẹ á wọ́n, akọ ni yóò sì pọ̀ jù nínú èyí tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ọdún 2 ló máa ń gbà kí èyí tó hàn, ẹni tó gé imọ̀ á sì ti gbàgbé.