Wíwọn Ìrìn Áyọ́nì Láìgún Sẹ́ẹ̀lì

Ọ̀nà kan nìyí tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi ń mọ ohun tó ń wọ inú sẹ́ẹ̀lì àti ohun tó ń jáde níbẹ̀, nígbà tí sẹ́ẹ̀lì náà ṣì wà láàyè tí ẹnikẹ́ni ò sì tíì dá ihò sí i lára. Ní Prince George's County, ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Yunifásítì Maryland, College Park, ní yàrá ìwádìí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì José Feijó.

Bí a bá gún sẹ́ẹ̀lì kí a tó wọn nǹkan inú rẹ̀, ọgbẹ́ náà lè jẹ́ ohun tí a ń wọ̀n. Ní 1974, Lionel Jaffe àti Richard Nuccitelli ṣàlàyé irinṣẹ́ kan tó ń gbọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ sẹ́ẹ̀lì láìfara kàn án, tó sì ń wọn iná mànàmáná tó yí i ká. Ṣùgbọ́n kò lè sọ irú áyọ́nì, ìyẹn átọ́ọ̀mù tó ní iná lára, tó gbé iná náà. Ní 1990, Willem Kühtreiber àti Jaffe gbé èyí tó dá kálíṣíọ̀mù mọ̀ jáde.

Abẹ́rẹ́ gíláàsì ni irinṣẹ́ yìí, ẹnu rẹ̀ kò ju máíkírómítà díẹ̀ lọ. Wọ́n á rọ kẹ́míkà olómi tó ń gba irú áyọ́nì kan ṣoṣo sí ẹnu rẹ̀. Kọ̀ǹpútà á máa gbé e sún mọ́ sẹ́ẹ̀lì, á tún gbé e sẹ́yìn ní nǹkan bíi máíkírómítà 10. Bí áyọ́nì bá ń wọlé, yóò dínkù lẹ́bàá sẹ́ẹ̀lì. Bí ó bá ń jáde, yóò pọ̀ níbẹ̀. Ìyàtọ̀ ibi méjèèjì ni wọ́n fi ń ṣírò iye tó ń kọjá.

Lẹ́búlẹ́bú òdòdó ni Feijó fi ń ṣèwádìí, kò sì sí ohun tó tún yẹ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tó bá bà sórí abo òdòdó, yóò yọ ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń gbé àtọ̀ lọ bá ẹyin. Hóró àgbàdo kọ̀ọ̀kan tí à ń jẹ, irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ ló ti gba inú irun àgbàdo kọjá kó tó dáyé. Abẹ́rẹ́ yìí fi hàn pé kálíṣíọ̀mù àti háídrójìn ń wọlé ní ṣóńṣó ọ̀pá náà, háídrójìn sì ń jáde ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lọ́dún 2020, ẹgbẹ́ Feijó tẹ ìwádìí jáde lórí ewéko kékeré tó ń jẹ́ Arabidopsis: nígbà tí wọ́n ba àwọn jíìnì purotéènì tó ń ti háídrójìn jáde jẹ́, ìrìn háídrójìn dínkù, ọ̀pá kò dàgbà bó ṣe yẹ, èso náà sì dínkù.

Wọ́n tún ń lo abẹ́rẹ́ yìí lára gbòǹgbò, láti mọ bí ilẹ̀ oníyọ̀ ṣe ń mú kí potásíọ̀mù jò jáde. Abẹ́rẹ́ tó ń wọn ọ́síjìn náà wà.

Ọ̀nà yìí ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Bí áyọ́nì tó wọlé bá ṣe déédéé pẹ̀lú èyí tó jáde, òfo ni yóò kà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ ń lọ ní pẹrẹu. Kò sì lè fi ojú ọ̀nà tí áyọ́nì gbà hàn. Ìwádìí jíìnì ló ń sọ ìyẹn.