Simẹ́ǹtì Bíríkìlà Tí Ó Di Àlẹ̀mọ́ Gbòǹgbò Eyín

Eyín, iyì ẹ̀rín, ẹ̀ṣọ́ ahọ́n: kò sí ohun kan nínú ara ọmọ ènìyàn tí ó le tó èèpo rẹ̀ funfun, síbẹ̀ ìrora rẹ̀ a máa sọ akọni di ọmọ ọwọ́. Ìdí rẹ̀ ni pé líle náà kò dé inú. Lábẹ́ èèpo yẹn ni ẹran rírọ̀ kan wà, tí ẹ̀jẹ̀ àti iṣan ń bẹ nínú rẹ̀, tí ó gba ihò tóóró kan nínú gbòǹgbò sọ̀kalẹ̀ dé egungun àgbọ̀n. Bí ìdíbàjẹ́ bá sì lu èèpo já tí ó kan ẹran yìí, níbẹ̀ ni yóò kú sí, níbẹ̀ ni yóò rà sí. Àwọn baba ńlá wa ní kòkòrò ni ń jẹ ẹ́. Àwọn ará Bábílónì àtijọ́, tí wọ́n ń kọ̀wé sára amọ̀, sọ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ó sì di ọdún 1728 kí Pierre Fauchard, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí ọ̀pọ̀ ń pè ní baba ìṣègùn eyín, tó tẹ ìwé ńlá rẹ̀ jáde, tí ó sì sọ gbangba pé òun wá kòkòrò náà títí, òun kò rí i.

Láti ìgbà Fauchard ni ìbéèrè kan ti ń da àwọn oníṣègùn eyín láàmú: bí a bá ko ìdọ̀tí inú gbòǹgbò kúrò tán, kí ni a ó fi dí i? Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Gbòǹgbò eyín sì jẹ́ ògiri tí ó lanu níbi tí ojú kò tó. Òjé ni Fauchard lò. Edward Hudson ti ìlú Philadelphia lo wúrà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ní ọdún 1838, Edward Maynard, ẹni tí òkìkí rẹ̀ tún kàn lẹ́yìn náà nídìí ìbọn ṣíṣe, mú irin wínníwínní inú aago, ó pọ́n ọn, ó sì fi ṣe ohun èlò tí ó lè wọnú ihò náà lọ fọ̀ ọ́. Ní ọdún 1867, Bowman ti ìlú St. Louis bẹ̀rẹ̀ sí í fi gutta-percha kún un, èyí tí í ṣe oje igi kan láti ilẹ̀ Malaya, tí ń rọ̀ bí ooru bá kàn án, tí ó sì ń le bí ó bá tutù. Títí di òní olónìí, oje yìí kò tíì kúrò lọ́wọ́ àwọn oníṣègùn.

Ṣùgbọ́n oje náà kì í lẹ̀ mọ́ ara eyín fúnra rẹ̀. Àlẹ̀mọ́ kan gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn, àlẹ̀mọ́ yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wa sì dá lé. Louis Grossman, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Philadelphia, po zinc oxide mọ́ èròjà inú òróró kànáfùrù, kànáfùrù kan náà tí àwọn ìyá wa ń fi sí eyín tí ń dùn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni André Schroeder ti ilẹ̀ Switzerland mú oje àtọwọ́dá wá. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe, kò yẹ kí a fi ojú kéré wò wọ́n. Àmọ́ òmíràn nínú àlẹ̀mọ́ wọ̀nyí a máa súnkì bí ó ti ń le, òmíràn a máa yọ́ díẹ̀díẹ̀, oníṣègùn sì gbọ́dọ̀ fi bébà nu inú gbòǹgbò gbẹ kí ó tó dà wọ́n sí i. Níbo ni a ti fẹ́ rí ibi gbígbẹ nínú ara alààyè?

Kí a tó rí ìdáhùn, ìjì kan jà. Ní ọdún 1910, William Hunter, oníṣègùn láti London, sọ̀rọ̀ ní ìlú Montreal pé ìdọ̀tí tí a fi pamọ́ sábẹ́ eyín ni ó ń fa onírúurú àìsàn ara. Láti ìgbà náà, fún ọ̀pọ̀ ọdún, ni wọ́n ti ń fa eyín yọ ní Amẹ́ríkà àti ní Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni ń fa èpò, àìmọye eyín tí ìbá ṣì wúlò sì bá a lọ. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Àwọn tí wọ́n dúró gbọn-in pé eyín tí inú rẹ̀ kú ṣì lè wà lẹ́nu, ìyìn wọn kò gbọdọ̀ tán láé.

Ìdáhùn tí wọ́n ń wá ti wà lọ́wọ́ bíríkìlà tipẹ́tipẹ́. Ní ọdún 1824, Joseph Aspdin, bíríkìlà ní ìlú Leeds, gba ìwé àṣẹ lórí simẹ́ǹtì kan tí ó sọ ní Portland, nítorí pé bí ó bá le tán, ó jọ òkúta tí wọ́n ń wà ní erékùṣù Portland. Ohun àgbàyanu ara rẹ̀ ni pé omi ni ó ń mú un le. Ní ọdún 1878, oníṣègùn kan tí ń jẹ́ Witte kọ̀wé ní èdè Jámánì pé òun fi simẹ́ǹtì yìí dí gbòǹgbò eyín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò lu etí ayé. Ó tó ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé kí Mahmoud Torabinejad, ọmọ ilẹ̀ Iran tí ń kọ́ni ní Yunifásítì Loma Linda ní California, tó tún gbé e dìde: ní ọdún 1993 ni ìròyìn àkọ́kọ́ jáde lórí MTA, èyí tí a fi simẹ́ǹtì Portland tí a yọ́ mọ́ ṣe, tí a sì fi bismuth oxide sí kí ó lè hàn nínú àwòrán X-ray. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ó ti ń ṣiṣẹ́. Bí èròjà calcium silicate inú rẹ̀ bá kan omi, ó ń di òkúta, ó sì ń tú irú ẹfun kan jáde tí kòkòrò àìfojúrí kò lè fara dà. Ẹfun yìí á wá bá phosphate inú omi ara pàdé, wọn á sì di apatite, irú ohun tí a fi mọ eyín àti egungun. Àbùkù MTA ni pé ó rí bí iyanrìn, kò ṣe é tì wọnú ihò tóóró, ó ń pẹ́ kí ó tó le, ó sì lè mú eyín dúdú. Ìdí nìyí tí ilé iṣẹ́ kan ní Vancouver, ní ilẹ̀ Kánádà, fi gbé iRoot SP jáde ní nǹkan bí ọdún 2007, tí Amẹ́ríkà mọ̀ sí EndoSequence BC Sealer: wọ́n lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n fi zirconium oxide rọ́pò bismuth, wọ́n sì pò ó sínú ọ̀pá abẹ́rẹ́ láìfi omi kan sí i, kí ó lè jẹ́ pé omi tí ó wà nínú àwọn ihò tíntìntín ara eyín ni yóò mú un le. Ohun tí àwọn ti ìṣáájú ń sá fún ni èyí ń mu yó.

Kò sí àlẹ̀mọ́ tí í wo eyín tí a kò fọ inú rẹ̀ mọ́, irú àlẹ̀mọ́ tuntun yìí, tí a ń pè ní bioceramic, pàápàá kò lè ṣe é. Bí ó bá sì ti le tán, ó ṣòro láti yọ bí iṣẹ́ bá bàjẹ́. Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí eyín bá ń dùn yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìrora lé yín bá ẹni tí kò mọ̀ ju ẹ̀mú lọ. Ẹ lọ bá oníṣègùn eyín tí ó kọ́ṣẹ́ yanjú, kí ẹ bi í bóyá gbòǹgbò náà ṣì ṣe é tọ́jú, kí ẹ sì bi í ní ohun tí yóò fi dí i.