Òkúta Kì Í Sọ Ara Rẹ̀ Lórúkọ

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ń kọ́ ìmọ̀ òkúta àti abẹ́ ilẹ̀ ní Yunifásítì Èkó, ní Akọkà. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, ó jókòó sí ilé mi ní Sùúrùlérè, ó ń há orúkọ sórí bí ọmọ ilé-kéú: hematite, galena, ammonite, foraminifera. Mo bi í pé kí ni ìtumọ̀ wọn. Ó wò mí bí ẹni tó béèrè orúkọ ìyá tó bí òkúta.

"Àǹtí mi, orúkọ ni wọ́n o. Kéèyàn ṣáà há wọn sórí ni."

Èmi tó jẹ́ pé ìtumọ̀ èdè ni mo fi ń jẹun, n kò lè gbà fún un. Orúkọ tí kò ní ìtumọ̀ kò sí nílé Yorùbá. Ṣé ti Gíríìkì ni yóò wá jẹ́ òfìfo?

A jọ tú wọn. Haima ni Gíríìkì ń pe ẹ̀jẹ̀. Bí a bá lọ hematite, ìyẹ̀fun rẹ̀ á pupa bí ẹ̀jẹ̀. Ohun tí ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ rí kò ju ìyẹn lọ. Ìparí orúkọ náà, -ites, tí Gẹ̀ẹ́sì sọ di -ite, kò ju "ti" tàbí "oní" lọ. Òkúta ẹlẹ́jẹ̀ ni, ó sì pọ̀ nínú òkúta irin Ìtákpè ní ìpínlẹ̀ Kogí. Ní ti amethyst, àwọn Gíríìkì gbà pé kì í jẹ́ kí ọtí pa ẹni tó bá ní in lọ́wọ́, wọ́n sì pè é ní "àìmuyó". Bó bá jẹ́ èmi, amójúdá ni n óò pè é, bí ìgbà tí babaláwo ń sọ oògùn lórúkọ.

Lọ́jọ́ kejì, mo mú un lọ sí ọjà Ojúwoyè ní Múṣín. Lórí àtẹ ìyá ẹlẹ́wé ọmọ kan, ẹfun wà, kán-ún wà, imí-ọjọ́, tìróò àti álọ́ọ̀mù. Ìdajì ìdánwò ọmọ yìí ni wọ́n tẹ́ síbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó há a sórí. Álọ́ọ̀mù, inú alumen àwọn ará Róòmù ló ti wá, Gẹ̀ẹ́sì ló gbé e dé Múṣín. Ìyá yẹn ti ń sọ Látìn láti àárọ̀, kò mọ̀. Ṣùgbọ́n imí-ọjọ́ ni mo fẹ́ kí ọmọ yìí wò dáadáa. Ẹnì kan láyé àtijọ́ wo òkúta pupa rúsúrúsú tó ń rùn nínú iná, ó ní ìgbẹ́ ọjọ́ ni. Onítọ̀hún kò kéré sí Gíríìkì tó rí ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá tún ń kọ "súfọ̀" sínú ìwé Yorùbá kò dé ọjà rí.

Tìróò ló ṣòro. Púpọ̀ nínú èyí tí à ń tà jẹ́ galena, orúkọ tí Pliny, ará Róòmù, lò fún òkúta tí wọ́n ti ń yọ òjé. Òjé sì burú fún ọpọlọ ọmọ kékeré. Ní 2012, àjọ tó ń dènà àrùn ní Amẹ́ríkà ròyìn ọmọ ọwọ́ kan ní Boston tí òjé wọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti ara tìróò tí wọ́n mú ti Nàìjíríà lọ. Nígbà tí wọ́n yẹ tìróò náà wò, ó ju ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀ lọ tó jẹ́ òjé. Orúkọ tìróò dùn lẹ́nu, ó ń rán ni létí ìyàwó tuntun àti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ tán, kò sì sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Galena náà kò sọ. Nínú ìwé ọmọ iléèwé, òkúta òjé ni mo máa kọ, kí ìyá tó bá kà á lè dúró díẹ̀ kó tó lé tìróò sójú ọmọ. Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan ní mò ń ba ọ̀rọ̀ àdáyébá jẹ́. Ẹ jẹ́ kí n bà á jẹ́.

Ẹdùn àrá ni ọmọ náà béèrè nígbà tí à ń padà bọ̀. Àgbẹ̀ á hú u lóko, òkúta dídán tó mú létí kan, a ó ní Ṣàngó ló sọ ọ́ látòkè. Àwọn ará Gíríìkì àti Róòmù náà ní ceraunia, láti ara keraunos, ìyẹn àrá. Michele Mercati, oníṣègùn póòpù ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, ló sọ pé àáké àwọn èèyàn tí kò tíì mọ irin ni wọ́n. Ìwé rẹ̀ kò jáde títí di 1717. Ammonite yàtọ̀ sí ìyẹn. Ẹran inú òkun tó ti run ni, ìkarahun rẹ̀ ká bí ìwo àgbò, wọ́n sì fi pe Amun, òrìṣà Íjíbítì tí wọ́n máa ń ya ìwo àgbò sí lórí. Ẹni tó bá mọ ẹran tí Ṣàngó fẹ́ràn yóò rẹ́rìn-ín. Ìwo-àgbò náà ló tó. Ó wà nínú òkúta àfonífojì Bẹnue.

Fossil ló kọ́ mi pé títú orúkọ nìkan kò tó. Fossilis, nínú Látìn, ni ohun tí a wà jáde nílẹ̀. Nígbà tí Agricola, onímọ̀ òkúta ará Jámánì, kọ ìwé rẹ̀ ní 1546, tiyọ̀ tòkúta oníyebíye ló kó sábẹ́ orúkọ yẹn. Bí a bá tẹ̀ lé e, egungun ẹja àtijọ́ àti iyọ̀ yóò di ọ̀kan. Mo fi Látìn sílẹ̀ níbẹ̀, mo kọ abẹ̀mí-dòkúta.

Foraminifera, tó ń dẹ́rù ba ọmọ yìí jù, ló wá rọrùn jù. Foramen ni ihò, ferre ni gbígbé: oníhò, bí a ṣe ń pe oníṣu. D'Orbigny, onímọ̀ ará Faransé, ló dá orúkọ náà ní 1826. Ẹ̀dá tín-ń-tín inú òkun ni, ìkarahun rẹ̀ sì wà nínú òkúta ẹfun tí wọ́n ti ń lọ̀ ṣe sìmẹ́ńtì ní Ewékorò, ìpínlẹ̀ Ògùn, láti 1960. Nígbà tí a délé, mo fọwọ́ kan ògiri, mo ní oníhò lè wà níbí.

"Wọ́n ti sun ún nínú iná, Àǹtí mi."

Òótọ́ ló sọ.

Kì í ṣe gbogbo orúkọ ni mo máa tú. Tantalite, tó wà nílẹ̀ Ìjerò-Èkìtì, orúkọ ọba Tantalus ló wà nínú rẹ̀: ó dúró sínú omi dé àgbọ̀n, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, kò rí i mu. Ekeberg, onímọ̀ kẹ́mísìrì ará Swídìn, fi pe irin inú òkúta náà ní 1802 nítorí pé wọ́n rì í sínú ásíìdì, kò mu ún. Àwa tí a ní ẹni tó wà létí odò kì í fi itọ́ bọ́jú, ibo la ti fẹ́ rí irú ọba bẹ́ẹ̀? Kó máa jẹ́ tantaláìtì. Nínú gírámà wa, ṣebí fóníìmù àti ọ̀rọ̀-ìṣe ń gbé pọ̀ láìjà. Ìwé ọ̀rọ̀ ìperí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 wúlò fún wa, àmọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ló dá lé.

Ní 1947, àwọn onímọ̀ ròyìn òkúta tuntun kan tó ní tánńganran nínú, láti agbègbè Kàbà. Wọ́n so -ite àwọn Gíríìkì mọ́ orúkọ Nàìjíríà, ó di nigerite. Ẹ̀yin ará Kàbà, ẹ̀yin ará Ìjerò àti Ewékorò tó ń ka èyí, bí àwọn àgbà yín bá ní orúkọ fún òkúta kan, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lónìí, kí ẹ kọ orúkọ ìlú tì í.