Títún Gbà àti Gbígbà Padà: Ìwádìí Lórí Àwọn Ọ̀rọ̀-Ìṣe Gẹ̀ẹ́sì fún Ìfọwọ́sí Ẹlẹ́ẹ̀kejì

Ní Èkó Àkéte ilé ọgbọ́n, arómi-sá-lẹ̀gbẹ-lẹ̀gbẹ, pàápàá ní apá Yaba, Súrùlérè àti Mushin, níbi tí onílé àti ayálégbé ti ń jókòó ti ìwé lọ́dọọdún, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wà tí tẹrú-tọmọ ti sọ di tiwọn, èyí náà ni rínìú. Ayálégbé ń rínìú àgírímẹ́ǹtì, awakọ̀ ń rínìú láísẹ́ǹsì, oníṣòwò ń rínìú ìwé ṣọ́ọ̀bù, gbogbo wọn sì rò pé ohun kan náà ni àwọn ń ṣe. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé Gẹ̀ẹ́sì a máa fi àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ kan ṣoṣo di ẹrù tí Yorùbá kì í dì pọ̀, àti pé ẹni tí kò bá tú ẹrù náà kí ó tó rù ú lè pàdánù ẹ̀tọ́ rẹ̀ síbẹ̀.

Àfòmọ́ náà ni "re-", tí ó ti inú èdè Látìn gba ọ̀dọ̀ àwọn Faransé wọ Gẹ̀ẹ́sì. Láti ìpìlẹ̀ ni ó ti ní ìtumọ̀ méjì, ìpadàsẹ́yìn àti àṣetúnṣe, Gẹ̀ẹ́sì kò sì yà wọ́n sọ́tọ̀. Gírámà Ayọ̀ Bámgbóṣé ti ọdún 1966 àti ti Ọládélé Awóbùlúyì ti ọdún 1978 ti kọ́ wa láti máa wo ipò tí ọ̀rọ̀ wà nínú gbólóhùn. Bí a bá sì wò ó bẹ́ẹ̀, a ó rí i pé "tún" ń ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe, "padà" sì ń tẹ̀ lé e. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kó jáde tí ó sì wá bẹ̀bẹ̀, ó gbà á padà. Onílé tí ó jẹ́ hẹ̀n lọ́dún tó kọjá tí ó sì jẹ́ hẹ̀n lọ́dún yìí, ó tún gbà. Ti àkọ́kọ́ ní ìjà nínú, ti èkejì kò ní. "Re-accept" kò sọ èyí tí ó jẹ́ fún wa.

"Renew" ni ó gba àlàyé jù. Àdéhùn tí ó ní gbèdéke ni ó yẹ ẹ́: ọjọ́ pé, ó kú, a sì jí i dìde. Nígbà tí Àjàyí Crowther àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Bíbélì, tí odindi rẹ̀ parí ní 1884, "tún … ṣe" ni wọ́n lò nínú Sáàmù 51 àti Àìsáyà 40, wọ́n sì fi ohun tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ sí àárín. Iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n ni. Ṣùgbọ́n a ń tún ọkàn ṣe, a sì ń tún òrùlé tó ń jò ṣe. Nítorí náà, fún ìwé àdéhùn, "sọ dọ̀tun" ni mo fara mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, irú àwọn ti Hoare's Memorial ní Yaba, ń sọ májẹ̀mú wọn dọ̀tun nígbà ọdún tuntun, àṣà tí John Wesley dá sílẹ̀ ní 1755, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé májẹ̀mú yẹn kò kú rí. "Reaffirm" gan-an ni tiwọn: a tún tẹnu mọ́ ohun tó ṣì dúró.

"Ratify" kò ní "re-" lára, síbẹ̀ ìfọwọ́sí ẹlẹ́ẹ̀kejì ni. Nàìjíríà tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn òwò ọ̀fẹ́ ilẹ̀ Áfíríkà ní oṣù Keje 2019. Ó di ìparí 2020 kí ó tó fòǹtẹ̀ lù ú. Àwọn akọ̀ròyìn tí ó ń pe méjèèjì ní "buwọ́ lù" ń da ọ̀rọ̀ rú. Àwọn oníròyìn eré ìdárayá sàn jù wọ́n lọ: agbábọ́ọ̀lù tí ó "re-sign" ti tún tọwọ́ bọ̀wé, èyí tí ó "resign" ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ àmì kékeré kan péré ló là wọ́n láàárín ní Gẹ̀ẹ́sì.

Ọ̀rọ̀ wá dé ilé. Òfin ìyálégbé ti Ìpínlẹ̀ Èkó, 2011, yọ Apapa, Ìkòyí, Victoria Island àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀. Súrùlérè, Yaba àti Mushin wà lábẹ́ rẹ̀. Ó ní onílé kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé olọ́dọọdún tó ti wà nínú ilé. Síbẹ̀, irú ìwé tí a máa ń rí ni èyí tí a fi báírò fa ìlà gba orí owó àtijọ́ kọjá, tí a kọ owó tuntun sókè rẹ̀, tí a sì kọ "renewed" sí ẹ̀gbẹ́, láìsí ọjọ́, láìsí ẹlẹ́rìí. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Níbi tí owó ti yí padà, a kò sọ nǹkan kan dọ̀tun. Àdéhùn mìíràn ni a ṣe, ó sì yẹ kí a kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Mo bẹ àwọn agbẹjọ́rò àti àwọn aṣojú onílé ní apá ibi wọ̀nyí: bí gbogbo rẹ̀ bá dúró bó ti wà, ẹ kọ "a sọ àdéhùn dọ̀tun", bí owó bá lé, ẹ kọ "a ṣe àdéhùn tuntun", bí ayálégbé tó ti kó jáde bá padà wá, ẹ kọ "a gbà á padà", kí ẹ sì kà á sí i létí ní Yorùbá kí ó tó fọwọ́ sí i.