Jìgá, Ajá àti Ẹsẹ̀ Ọmọ Wa

Ọ̀rọ̀ jìgá la fẹ́ sọ lónìí, èyí tí àwọn tó ń sọ Faransé ń pè ní chique. Ẹ mọ̀ ọ́n: ó máa ń wọ ọmọ lábẹ́ èékánná ẹsẹ̀, á máa yún un, ibẹ̀ á wú, á funfun, àmì dúdú kékeré á wà láàárín rẹ̀. Àwọn kan ń sọ pé láti ayébáyé ló ti wà lọ́dọ̀ wa. Rárá o. Àlejò ni jìgá nílẹ̀ Áfíríkà.

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà, lápá gúúsù àti ní àwọn erékùṣù Karíbíánì, ni ilé rẹ̀. Láti 1526 ni ọmọ Sípéènì kan, Gonzalo Fernández de Oviedo, ti kọ̀wé nípa rẹ̀. Nígbà tó di 1872, ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Thomas Mitchell gbéra láti Rio de Janeiro ní Bùràsíìlì, ó gúnlẹ̀ sí Ambriz ní Àǹgólà. Iyanrìn ni wọ́n kó sí i nínú kó lè wúwo, kó má baà yí dànù lórí omi. Jìgá wà nínú iyanrìn yẹn! Wọ́n dà á sétíkun, ni jìgá bá ráyè. Àwọn oníṣòwò, àwọn aláàárù àti àwọn ọmọ ogun ń fi ẹsẹ̀ gbé e kiri. Kí 1900 tó pé, ó ti la àárín Áfíríkà kọjá dé etíkun ìlà-oòrùn.

Ṣé ènìyàn nìkan ló gbé e rìn ni? Ó tì o. Jìgá ń wọ ajá, ẹlẹ́dẹ̀, ológbò àti eku. Abo rẹ̀ ló ń wọnú ara. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, á wú tó ẹ̀wà, á wá máa yé ẹyin tó lé ní ọgọ́rùn-ún sínú iyanrìn. Ajá kì í wọ bàtà. Á sùn nínú iyanrìn tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, níbi tí ọmọ yín ti ń ṣeré, lẹ́yìn náà á gba agboolé ẹlòmíì lọ. Ní àwọn àdúgbò tálákà ní Fortaleza, ní Bùràsíìlì, àwọn oníwàádìí rí jìgá lára ajá tó ju ìdajì lọ. Nítòsí wa níbí, ní Erekiti lápá Badagry, wọ́n rí i pé ẹlẹ́dẹ̀ ló burú jù nínú àwọn ẹran, àti pé ilẹ̀ẹ́lẹ̀ oníyanrìn àti àìwọ bàtà ń dá kún un.

Ẹ ò rí i? Bí a bá yọ ti ọmọ, tí a fi ti ajá sílẹ̀, apẹ̀rẹ̀ la fi ń pọnmi.

Ẹ má fojú kékeré wò ó. Ojú egbò jìgá lè gba tẹ́tánọ́ọ̀sì wọlé, àìsàn tó ń mú kí ẹnu há, kí gbogbo ara gan, tó sì ń pani. Abẹ́rẹ́ kan náà tí ẹ fi ń yọ ọ́ fún ọmọ mẹ́ta lè kó kòkòrò HIV tàbí àrùn ẹ̀dọ̀ ràn wọ́n. Ẹ má da kpayo sí i o! Ẹ gbé ọmọ wá sí ilé ìwòsàn, ká fọ̀ ọ́, ká yọ ọ́ dáadáa, ká wo káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀.

Nílé, ẹ wọ bàtà fún ọmọ. Bí owó bá wà, ẹ fi sìmẹ́ǹtì tẹ́ ilẹ̀ yàrá. Ẹ máa yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ ajá wò àti àárín ọmọ ìka rẹ̀, kí ẹ sì pe dókítà ẹran. Ẹ so ẹlẹ́dẹ̀ mọ́lẹ̀, jìnnà sí ibi tí ọmọ ń ṣeré.

Ẹ má pa ajá, ẹ má sì fi ọmọ tó ní jìgá ṣe yẹ̀yẹ́. Ara ń dun àwọn méjèèjì. Ẹ bá aládùúgbò yín sọ ọ́ pẹ̀lú, torí ajá rẹ̀ ń wọ agboolé yín, tiyín náà ń wọ tirẹ̀.