Ààbò Ara Ẹ̀gẹ́ Lọ́wọ́ Bakitéríà

Ní àwọn oko tó yí Ọ̀tà àti Sàngó ká, níbi tí ilé-iṣẹ́ kò tíì gba ilẹ̀ tán, àgbẹ̀ ṣì ń gbin ẹ̀gẹ́. Bí òjò bá ń rọ̀, ewé rẹ̀ lè yọ àmì bí ẹni pé omi rin ín, kí ó rọ, kí igi máa sun oje, kí orí rẹ̀ sì kú. Bakitéríà Xanthomonas ló ń fà á. Ọdún 1972 ni wọ́n kọ́kọ́ rí àrùn náà ní Nàìjíríà.

Ẹ̀gẹ́ kì í kàn dúró gba ìyà. Irúgbìn kò ní ẹ̀jẹ̀ tó ń gbé ààbò káàkiri ara. Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ló ń ṣọ́ ara rẹ̀, pẹ̀lú àwọn purotéènì tó ń dá ara bakitéríà mọ̀. Ọ̀kan tó lókìkí ni FLS2, tí àwọn onímọ̀ ṣàwárí ní Basel, Switzerland, lọ́dún 2000. Ìrù ni ọ̀pọ̀ bakitéríà fi ń lúwẹ̀ẹ́. Nínú purotéènì ìrù yìí, ègé tí kò ju amino acid 22 lọ ti tó fún FLS2 láti mọ̀ pé àjèjì ti dé. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kálísíọ̀mù á rọ́ wọ sẹ́ẹ̀lì, oró á sì tú jáde; lẹ́yìn náà, ihò tíntìntín tí bakitéríà ń gbà wọ inú ewé á pa dé.

Bakitéríà náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ó ní ohun kan bí abẹ́rẹ́ tó fi ń ta purotéènì sínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀gẹ́. Ọ̀kan nínú wọn, TAL20, ń ta jíìnì MeSWEET10a jí, tó máa ń da ṣúgà jáde láti inú sẹ́ẹ̀lì.

Ó yẹ kí a mọ̀ pé Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kópa nínú ìmọ̀ yìí: láti ara ìrẹsì ìgbẹ́ ilẹ̀ Mali ni jíìnì Xa21, tó ń dáàbò bo ìrẹsì lọ́wọ́ bakitéríà, ti wá. Onímọ̀ irúgbìn Pamela Ronald àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yọ ọ́ sọ́tọ̀ ní 1995. Ọdún 2015 ni wọ́n tó mọ RaxX, ègé bakitéríà tí Xa21 ń dá mọ̀.

Ní Ìbàdàn, IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, lo ẹ̀gẹ́ láti ibùdó ìwádìí Moor Plantation tó ní ìran Manihot glaziovii, igi rọ́bà ilẹ̀ Brazil, láti bí irú tó lágbára, bíi TMS 30572. Irú ẹ̀gẹ́ wọ̀nyí kì í bọ́ pátápátá lọ́wọ́ àrùn, nítorí náà igi tí àgbẹ̀ yóò gé gbìn gbọ́dọ̀ wá láti oko tí kò ṣàìsàn, torí inú igi yẹn ni bakitéríà máa ń bá rìn lọ sí oko tuntun.